Kí Ẹ Tó Ta Prosẹ́sọ̀ Gìtá Yín

Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀ffà gbé prosẹ́sọ̀ méjì, ẹ̀rọ tí a máa ń ki gìtá bọ̀ láti fi tún ohùn rẹ̀ ṣe, wá bá mi ní Tánkẹ́, nílùú Ìlọrin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Tuntun yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹnìkan ń bọ̀ wá ra ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́la."

Ó ta orin ìyìn kan náà lórí méjèèjì. Lóòótọ́, tuntun ń dún ketekete. Mo mú looper, pẹ́dà kékeré tó máa ń ká ohun tí a bá ta sílẹ̀ tí yóò sì máa tún un dún, mo fi síwájú prosẹ́sọ̀ méjèèjì, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ kan náà àti gìtá kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí míksà. Mo wá fa ti tuntun wálẹ̀ ní decibel 3 (decibel ni wọ́n fi ń wọn gíga ohùn), mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ń pààrọ̀ wọn, mo ń bi í pé èwo nìyí. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló gbà á.

Gíga ohùn ló ń gbọ́ tó ń pè ní dídára.

Etí gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn méjì bá jọra, tí ọ̀kan fi decibel 1 péré ga ju èkejì lọ, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ó ga. Ohun tí a máa sọ ni pé ó mọ́, ó kún, ó ní ẹ̀mí. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú méjèèjì dọ́gba. Ẹ wa áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, ẹ gbé fóònù náà síbì kan, ẹ má ṣí i nípò, kí ẹ sì máa tún fọ́lúùmù ṣe títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ní ju ìdajì decibel lọ. Ẹni tí kò bá tíì ṣe èyí kò tíì fi ohunkóhun wéra.

Prosẹ́sọ̀ tí mò ń sọ, tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní modeller, ìṣirò ló fi ń farawé áńpù onítúùbù (èyí tó ń fi túùbù onígíláàsì gbé ohùn gìtá sókè), sípíkà rẹ̀ àti máìkì tí wọ́n gbé síwájú sípíkà náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà: 1998 ni Line 6 ti Amẹ́ríkà gbé POD jáde, pupa kan tó tẹ̀ bí kóró ẹ̀wà. Axe-Fx tẹ̀ lé e ní 2006. Kemper ti Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: ó máa ń rán ohùn àyẹ̀wò gba inú áńpù gidi kọjá, á sì fi ohun tó jáde kọ́ ìwà áńpù náà. Helix dé ní 2015, Quad Cortex láti Finland dé ní 2021. Ká sọ òótọ́, gbogbo wọn ló ti dára débi pé ìyàtọ̀ tí etí ń gbọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ara bí wọ́n ṣe tò wọ́n ló ti ń wá ju ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Owó ni mo fi kọ́ eléyìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbọ́ prosẹ́sọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù, lórí sípíkà ńláńlá, béèsì rẹ̀ ń mi àyà, reverb rẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń dún padà, kún bí ihò àpáta. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ta tèmi. Ìgbéyàwó kan ní Ọ̀mù-Àrán ni mo kọ́kọ́ gbé tuntun lọ. Bí bẹ́ẹ̀sì gìtá àti dùndún ṣe wọlé báyìí, gìtá mi rì. Ẹlẹ́rọ ohùn ń gbé mi sókè, àmọ́ ariwo ló ń pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí mò ń ta. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé ọlọ́jọ́ fẹ́ràn jùjú, ó sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé gìtá lòun fẹ́ gbọ́.

Ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti Bell Labs gbé jáde ní 1933. Wọ́n fi hàn pé bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni béèsì ń dínkù létí wa ju ohùn àárín lọ. Ẹ bá a wo inú yàrá lálẹ́, tí àwọn ará ilé ti sùn. Fọ́lúùmù wà nílẹ̀, ohùn ń ṣe bíi pé ó tín-ín-rín, ẹ bá bu béèsì kún un, ẹ fa àárín wálẹ̀ kó lè dùn. Tó bá di ọjọ́ òde, tí fọ́lúùmù gòkè, béèsì yẹn á wú, àárín tí ẹ fà wálẹ̀ sì ni ibi tí gìtá ń gbé gan-an. Ẹ̀rọ tó dùn jù nínú yàrá lè jẹ́ èyí tí a kò ní gbọ́ lóde. Ẹ fi wọ́n wéra ní fọ́lúùmù òde, kí ẹni kan máa lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bó bá ṣeé ṣe.

Sípíkà ni ẹjọ́ tó kàn. Sípíkà áńpù gìtá kì í sábà gbé ohùn tín-ín-rín tó bá ti kọjá bíi 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dáadáa, ohun tó ń jẹ́ kí gìtá rọ̀ létí nìyẹn. Bí ẹ bá gba míksà lọ tààrà, tí ẹ pa àfarawé sípíkà inú prosẹ́sọ̀, gìtá á máa dún bí oyin tí wọ́n há mọ́ agolo. Bí ẹ bá sì tàn án sílẹ̀, tí ẹ tún fi gba iwájú áńpù gidi tó ní sípíkà tirẹ̀, ohùn á bò bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti rí ẹni tó ta ẹ̀rọ gidi nù nítorí ohun kan ṣoṣo yìí. Bí méjèèjì bá gba IR, ìyẹn fáìlì tó gbé ìwà sípíkà kan pẹ̀lú máìkì rẹ̀, ẹ fi IR kan náà sínú àwọn méjèèjì. Ẹnu á yà yín sí bí wọ́n ṣe jọra tó.

Ibi tí ìyàtọ̀ tòótọ́ máa ń sá sí wà lábẹ́ ìka. Ẹ wá ohùn tó wà láàárín mímọ́ àti fífọ́, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá ta okùn jẹ́jẹ́ á mọ́, bí ẹ bá le mọ́ ọn á fọ́ díẹ̀. Ẹ wá yí fọ́lúùmù ara gìtá wálẹ̀ sí ìdajì. Ṣé ó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, àbí ṣe ló kàn ń kéré? Ẹ ta okùn kan, kí ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀: ṣé ó ń rọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àbí ó já lójijì? Looper kò lè dáhùn èyí fún yín, ọwọ́ yín ló máa dáhùn. Ìlú Ọ̀ffà tí ọmọkùnrin yìí ti wá ni wọ́n ti bí I.K. Dáíró, gìtá jùjú àti ti orin ìyìn wa sì sábà máa ń mọ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ ní kúkúrú kúkúrú láàárín ìlù. Ẹni tó fẹ́ ta irú orin bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún áńpù tó ń bú ramúramù ṣe?

Ẹ má da nọ́ńbà ẹ̀rọ kan kọ sórí èkejì. Gain, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń fọ́ tó, bó bá jẹ́ 5 lórí ọ̀kan, ó lè jẹ́ 3 lórí èkejì. Etí ni ká fi tún un tò.

Iná ńkọ́? Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ fi ń jí. Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbede orin, tí wọ́n yí sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ kékeré lè ti dìde nígbà tí ẹ̀rọ ńlá ṣì ń fi àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Prosẹ́sọ̀ kékeré bíi Boss GT-1 lè lo bátìrì AA mẹ́rin, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé iná lọ. HX Stomp, prosẹ́sọ̀ Line 6 kan, ní tirẹ̀ ń bèèrè fóòtì 9 àti ampere 3, adápítọ̀ pẹ́dà kékeré kò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ ìdádúró díẹ̀ láàárín ìgbà tí a ta okùn àti ìgbà tí ohùn jáde nínú ẹ̀rọ, tí àwọn kan máa ń pariwo lé lórí, kò dùn mí rárá: bí a bá dúró ní mítà kan sí sípíkà lásán, ohùn ti ń fi bíi ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó dé etí wa.

Ọmọ Ọ̀ffà yẹn dán ti ọwọ́ wò fún bíi wákàtí kan. Tuntun dáhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà tó yí fọ́lúùmù wálẹ̀, àmọ́ ti tẹ́lẹ̀ yára jí. Ó fa fóònù yọ, ó pe ẹni tó fẹ́ rà á: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di lẹ́yìn Sátidé. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé méjèèjì lọ òde Àjàṣẹ́-Ìpo."