Bí K àti J ṣe ń jẹ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lówó

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú. Ohun kan náà ni ọ̀ta àti ọ̀pẹ jọ ń wò. Póókà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Texas Hold'em, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú káàdì méjì pamọ́, márùn-ún tó jẹ́ ti gbogbo wọn á sì máa jáde sáàárín tábìlì: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní flop, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Owó ń bọ́ sílẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkejì ṣe ń fi owó yẹn sílẹ̀ ló ń sọ nǹkan nípa káàdì rẹ̀, nítorí pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ojú tí a máa wò, kò sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí ìjókòó fi ṣe kókó. Ẹni tó wà ní button, àga tí àmì ẹni tó ń pín káàdì wà níwájú rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láti flop títí dé òpin: ọ̀rọ̀ níbí ni pé kó fi owó sílẹ̀, kó dákẹ́ láìfi nǹkan kan sílẹ̀, tàbí kó sá, ìyẹn kó sọ káàdì rẹ̀ nù. Ó ti rí ohun tí gbogbo wọn ṣe kó tó fọwọ́ kan ṣíìpù, ohun tó dúró fún owó nídìí tábìlì. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e, blind kékeré àti blind ńlá, tí wọ́n ti san owó dandan kí káàdì tó délẹ̀, ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà rí á mọ̀ ọ́n: ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ iye ti tú àṣírí ara rẹ̀ díẹ̀.

Káàdì tó dáa gan-an, bí A méjì (A ló ga jù, K, Q àti J ló tẹ̀ lé e), lè fara da àga burúkú. Èyí tí kò dáa rárá kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wọ́n á sọ ọ́ nù. Àwọn kò-gbóná-kò-tutù ló ń dá wàhálà sílẹ̀: K àti J, A àti 9, Q àti 10, tí àmì wọn kò bára mu.

Ká mú K-J. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni, ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló mú un, èèyàn mẹ́jọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà 1,225 ni káàdì méjì lè gbà wọ ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn. 54 nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń fìyà jẹ K-J: A méjì, K méjì, Q méjì, J méjì, A-K, A-J tàbí K-Q. Lọ́wọ́ ẹnì kan, ìyẹn ò tó nǹkan. Lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ, ó tó bí ìgbà 30 nínú 100 tí ẹnì kan, ó kéré tán, á mú ọ̀kan lára wọn. Tó bá jẹ́ pé button ló mú K-J, tí gbogbo èèyàn sì ti sá, blind méjì péré ló kù: bí ìgbà 9 nínú 100.

Lẹ́yìn flop gan-an lọ̀rọ̀ wà. Blind jẹ́ 100 àti 200, blind ńlá sì san 200 míì lórúkọ gbogbo tábìlì. Oní K-J ní ṣíìpù 5,000. Ó gbé e sí 450. Gbogbo èèyàn sá, àfi button tó bá a san án. Owó àárín di 1,400. Flop jẹ́ K, 8, 4, méjì nínú wọn ní àmì ọkàn. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi 500 sílẹ̀, button san án. Káàdì kẹrin jẹ́ 6. Tó bá tún fi owó sílẹ̀, àwọn tí K-J ń jẹ á sá, A-K, K-Q àti 8 méjì á dúró dè é. Tó bá dákẹ́, button á fi 1,200 sílẹ̀: ṣé A-K ni, ṣé àmì ọkàn méjì tó ń retí ìkarùn-ún ni, kó lè ní márùn-ún alámì kan náà tó ju K méjì lọ, àbí ìhàlẹ̀ lásán? Ó san án. Owó àárín ti di 4,800, 2,850 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì ìkẹyìn jáde, 2. Ó dákẹ́. Button ní kí gbogbo rẹ̀ wá.

Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé nìyí. Bí ìgbà méjì nínú mẹ́ta, flop kì í bá káàdì méjì bẹ́ẹ̀ mu rárá, owó kékeré ló sì ń bá a lọ. Ìgbà tó bá bá a mu ni owó ńlá ń lọ. Tí K-J bá kò A-K, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló ń borí.

Nínú ìdíje, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹni tó kó gbogbo ṣíìpù kò ní kó gbogbo owó ẹ̀bùn. Ti ipò kìíní nìkan ni tirẹ̀. Nítorí náà, dídùn 2,850 tó wọlé kò tó ìrora 2,850 tó lọ, pàápàá tó bá ku èèyàn díẹ̀ kí ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, sùúrù kì í pẹ́ tán: aago ń ká, blind ń ga, ọ̀pọ̀ ló sì ṣí tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, K-J wá ń jọ ọba lójú wọn. Ní 2003, Chris Moneymaker, tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ World Series of Poker ní Las Vegas, fi 5 àti 4 parí ìdíje, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Wọ́n rántí 5 àti 4. Wọ́n gbàgbé pé èèyàn méjì péré ló kù nídìí tábìlì.

Nínú àwọn tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, blind ńlá nìkan ló ní àwíjàre láti fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ dúró. Tí ẹnì kan bá gbé e sí 450, 250 ló kù kó fi kún un láti du 950. Tó bá lè borí ìgbà 21 nínú 100, owó rẹ̀ ti pé. Q-10 tí àmì wọn bára mu sábà máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kì í gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀: á sá fún ìhàlẹ̀ níbi tí òun ló yẹ kó jẹ. Blind kékeré ní láti san 350, blind ńlá sì ṣì lè gbé e sókè lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àga tó burú tó yẹn.

Àfi tí ṣíìpù bá ti kéré. Nígbà tó bá ku ìlọ́po mẹ́wàá blind ńlá, tí gbogbo èèyàn sì ti sá kó tó kan blind kékeré, K-J yẹn kan náà di ohun tó yẹ kó kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ lé lórí. Àga náà kò tíì yí padà. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn flop tí ẹnìkejì lè fi ọgbọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀.