Àánú Yín Ló Ń Dá Ọmọ Jókòó

Físíò ni mí, eré ìdárayá wà lára ohun tí mo fi ń tọ́jú aláìsàn. Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: "Dókítà, a ti fi eré ìdárayá yẹn sílẹ̀, ara rẹ̀ ti yá." Ẹni tó bá sọ ọ́ kì í pẹ́ padà wá. Ikọ́ á ti máa hó ní àyà ọmọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ti ki, á ti ní àwọ̀ ewé, ọmọ tó ti ń gun òkè ilé ìwé rẹ̀ láìsinmi kò ní lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ á wá bi mí pé kí ló fà á. Ẹ fi í sílẹ̀, òun ló fà á.

Àìsàn tí mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni cystic fibrosis, tí àwa oníṣẹ́ ìlera ń pè ní CF. N kò ní pẹ́ lórí ohun tó jẹ́, torí ẹni tó bá ti gbọ́ bí AS méjì ṣe ń bí SS ti mọ bó ṣe ń wọlé: bàbá gbé tirẹ̀ wá, ìyá gbé tirẹ̀ wá, ara àwọn méjèèjì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìkan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ náà á kó méjèèjì. Ọdún 1989 ni Lap-Chee Tsui, Francis Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí jíìnì, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń fà á. Jíìnì yìí ló ń darí bí iyọ̀ àti omi ṣe ń gba awọ inú ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun kọjá. Bó bá bàjẹ́, omi á gbẹ lára kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, kòkòrò àrùn á sì sọ ibẹ̀ di ilé.

Ẹ má sọ fún mi pé àìsàn òyìnbó ni. Ó pọ̀ láàárín wọn ju wa lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà lára aláwọ̀ dúdú, àwọn àbùkù jíìnì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n pọ̀ sí jù. Níbi tiwa, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é. Ọmọ á lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tán, ikọ́ ò ní lọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì ti kú ṣáájú, wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Ọmọ tí kò lè mí, abẹ ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Ó ń dùn mí dé egungun.

Kì í ṣe CF nìkan ni mò ń tọ́jú. Àwọn tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi ni àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí òtútù àyà ti bá ọ̀nà èémí wọn jẹ́ sẹ́yìn, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò sì yé gbá jọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa eré ìdárayá kan àwọn náà. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí ń bọ̀ níwájú kò kàn wọ́n rárá, kí wọ́n má ṣe gbé e.

Ìdí tí a fi ń ní kí ẹ sáré nìyí. Bí ènìyàn bá ń sáré tàbí tó ń jó, èémí á wọlé jinlẹ̀, á jáde tagbáratagbára, ara á máa mì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tú kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ikọ́ tó bá tẹ̀ lé e ni ikọ́ tí a ń wá. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992 ṣọ́ àwọn tó ní CF fún ọdún mẹ́jọ: nínú àwọn tí ara wọn le jù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 83 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè, nínú àwọn tí ara wọn ò le rárá, 28. N kò sọ pé eré nìkan ló pa wọ́n mọ́. Mo ń sọ pé ẹni tó ń rí irú iye báyìí tó sì ń fi ọmọ sórí àga láti àárọ̀ di alẹ́, kó tún inú rò.

Eré kò sì gba ipò ìtúkẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ọmọ bá sáré tán, kó jókòó, kó mí sínú níwọ̀nba, kó la ẹnu sílẹ̀, kó wá fẹ́ èémí náà jáde pẹ̀lú "hàà" bí ẹni tó fẹ́ kí ojú dígí ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sinmi, kó tún ṣe é, kó wá wú u, kó tutọ́ ẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Àwọn ènìyàn rò pé ìfọwọ́rara ni iṣẹ́ físíò, pé òróró àti aṣọ ìnura ni gbogbo irinṣẹ́ wa. Yunifásítì ni a ti ń kọ́ ọ, a ń gba ìwé àṣẹ kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn, a sì mọ ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sá sí nínú ẹ̀dọ̀fóró bí a bá ti gbé etí lé àyà.

Kí ló wá dé tí eré kì í fi í pẹ́ lára wọn? Ọ̀lẹ kọ́ ni àwọn ọmọ yìí. Ilé ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìyá àgbà á ní, "Jókòó, ọkọ mi, má sáré mọ́, àyà rẹ ò le." Bàbá á fún un lówó ọ̀kadà láti ilé dé ilé ìwé tí kò jìnnà. Àwọn àbúrò rẹ̀ á máa pọn omi, á máa gbálẹ̀, òun á jókòó bí àlejò. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá báyìí, òun fúnra rẹ̀ á ti gbà pé aláàbọ̀ ara lòun. Ẹ wá fẹ́ kí n fi ìwé kékeré kan tí mo kọ eré sí tú ohun tí gbogbo ilé ti dì.

Nítorí náà, mo ti yí ọwọ́ padà. N kì í fún ọmọ nìkan ní iṣẹ́ mọ́, ilé ni mo ń fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọdé máa ṣe ọgọ́ta ìṣẹ́jú lóòjọ́, kí àgbà má sì dín sí 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ilé ń ṣe tẹ́lẹ̀: kí wọ́n tó mu ọ̀gì, tàbí kí wọ́n tó wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí àbúrò bá a ṣe é. Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn tẹ́ń-tẹ́ń àti súwè, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ní kó máa nàró-bẹ̀rẹ̀ bíi sójà. Súwè dára ju ohun tí n bá kọ fún un lọ. Èyí tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ijó ìsìn wà lára ìwọ̀n rẹ̀. Iyán gígún wà lára rẹ̀, bí kì í bá ṣe nínú èéfín igi ìdáná. Tó bá di àkókò kajú, kó lọ ṣa kajú ní àárọ̀, àmọ́ kó jìnnà sí òkìtì èso tó ti jẹrà àti pàǹtírí oko tó ti bu, torí ohun tó ń bu lára wọn lè bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà. Bí ọyẹ́ bá mú eruku wá, ẹ gbé eré wọ inú ilé, ẹ má gbé e jù sílẹ̀.

Àìsàn á dá a dúró nígbà mìíràn. Bí ibà bá wà, kó sinmi. Bó bá kúrò ní ilé ìwòsàn, ìdajì ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń pàdánù àwọn aláìsàn mi: wọ́n ń dúró kí ara kọ́kọ́ le tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bíbẹ̀rẹ̀ ló ń mú kó le.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ báyìí. Oníkémíìsì tó ń ta oògùn tó ń pa ikọ́ fún ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún àyà rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé ni. Lọ́dún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bi mí pé níbo ni àwọn ti lè rí i. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo lórí ọkọ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìjùmú, ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ òógùn rẹ̀ wò tí wọ́n fi mọ̀ pé CF ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé. A ti jọ bá a dé ibi tó dára: ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ti wọ inú àwọn tí yóò sáré nínú ìdíje ilé ìwé wọn. Alágbo kan wá sọ fún màmá pé òun ní ohun tó ń yọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ ni iyọ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu. Màmá tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, omi lásán ló ń mu. Oṣù kẹta ni, oòrùn ń jó ilẹ̀. Wọ́n ń fi eré dánra wò lọ́sàn-án, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà, ó bì, ó ṣubú. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Màmá ní òun ti sọ fún wa pé eré ló máa pa á. Nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, iyọ̀ inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Omi iyọ̀ tí wọ́n fà sí i lára ló jí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀yin bá làágùn, ara wa máa ń fa ọ̀pọ̀ iyọ̀ padà kí òógùn tó yọ sí ìta. Ti ẹni tó ní CF kì í lè fà á padà. Ní New York lọ́dún 1948, ooru ńlá mú, ni Dókítà Paul di Sant'Agnese bá ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ní CF ni ooru ń dá wó jù. Ní 1953 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iyọ̀ inú òógùn wọn ló pọ̀ jù. Láti ibẹ̀ ni àyẹ̀wò òógùn ti wá: bí chloride, èròjà kan nínú iyọ̀, tó wà nínú rẹ̀ bá tó 60 mmol ní lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ń tọ́ka sí CF, bí kò bá tó 30, kò dà bíi pé òun ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé òǹgbẹ wọn ń parọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pàdánù omi nìkan á máa ki, òun ló ń mú òǹgbẹ gbẹ wá. Tiwọn pàdánù iyọ̀ pẹ̀lú omi, ara ò ráhùn, ọmọ á máa sáré, á ní òǹgbẹ ò gbẹ òun, á sì ti gbẹ tán nínú.

Nítorí náà, kó mu kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́: kó tó bẹ̀rẹ̀, láàárín rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀. Omi lásán kò tó lójọ́ ooru. ORS tí ẹ máa ń fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru dára. Ẹ ka ara páálí rẹ̀, èyí tó ní lítà kan, píọ̀ wọ́tà oní-50cl méjì ni ẹ ó fi pò ó. Bí iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, dókítà rẹ̀ ló máa sọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru nínú ilé kan náà, ẹ má bá a jẹ ọbẹ̀ yẹn. Kó sì sáré ní òwúrọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, láì dúró de ọ̀sán.

Ohun mìíràn: bí ẹ bá mọ ọmọ méjì tó ní CF, tí wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà, ẹ má kó wọn jọ ṣe eré. Wọ́n máa ń kó kòkòrò àyà ran ara wọn, irú tí oògùn kì í tètè borí. Kí kálukú ṣe é pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Oògùn kan wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó ń ṣe ohun ńlá fún àwọn tí jíìnì wọn bá a mu. Kì í ṣe gbogbo jíìnì ló ń bá mu, owó rẹ̀ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn tó ń lò ó náà ṣì ń sáré.

Bí ọmọ yín bá ń wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí kò sanra bó ti wù kó jẹun tó, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń dán fún ọ̀rá, tí ẹ fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀ tí iyọ̀ sì ta yín létè, ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà yín sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n lè gbà yẹ òógùn rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò náà kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí, ẹ ó rìn díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé, bí ìyá ọmọ náà bá kó lẹ́tà dókítà wá bá yín, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú eré. Ẹ jẹ́ kó gbé ike omi rẹ̀ wá sí pápá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mu ún nígbà tó bá fẹ́.