Kí ìwé ìmọ̀ tó jáde ní ilé-ìtẹ̀wé yunifásítì

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọ̀pọ̀ ilé-ìtẹ̀wé yunifásítì ní Amẹ́ríkà máa ń gbé kátálọ́ọ̀gì ìwé tuntun jáde. Àwòrán èèpo ìwé, iye ojú ewé, iye owó àti ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n méjì mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀. Tuntun ni wọ́n pè é, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí ti lo ọdún méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ilé-ìtẹ̀wé náà, a ò tíì ka ọdún tí òǹkọ̀wé fi ṣe ìwádìí mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí Ṣómólú ní Èkó lè gba ìwé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì dára lójú. Kí ló wá ń jẹ ọdún mẹ́ta? Kì í ṣe títẹ̀. Àwọn tó lágbára láti sọ pé rárá ló ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1534 ni Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Yunifásítì Cambridge ní ìwé àṣẹ láti máa tẹ ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1584 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àṣẹ náà. Ní Amẹ́ríkà, ti Yunifásítì Johns Hopkins tó bẹ̀rẹ̀ ní 1878 ló pẹ́ jù nínú àwọn tí kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró rí. Nílé níbí, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ní tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀kan mú fún èkejì o: University Press tó wà ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, tó ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti yunifásítì ibẹ̀. Ẹ̀ka ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford ní Nàìjíríà ni láti 1949, kó tó gba orúkọ tuntun ní 1978. Ti Yunifásítì Ìbàdàn gan-an ń jẹ́ Ibadan University Press.

Ẹni tí iṣẹ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé ni olóòtú tí wọ́n yàn láti máa wá ìwé. Olóòtú bẹ́ẹ̀ kì í da gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ pọ̀. Ẹnìkan lè máa bójú tó ìtàn Áfíríkà àti ẹ̀sìn, kí ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀ òfin. Wọ́n máa ń lọ sí àpérò àwọn onímọ̀, wọ́n á pàtẹ ìwé sórí tábìlì, wọ́n á sì máa bi àwọn olùkọ́ yunifásítì léèrè ohun tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé kì í sáré fi odindi ìwé ránṣẹ́. Ìwé àbá ló máa ń kọ́kọ́ fi ṣọwọ́: kí ni ìwé náà fẹ́ sọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, kí ló wà ní orí kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò rà á, ìwé wo ló ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, báwo ni yóò ṣe gùn tó, ìgbà wo ni yóò parí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àbá ti ń kú. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé wọn kò dára. Ilé-ìtẹ̀wé tí kò tẹ ìwé lórí orin rí kò mọ ẹni tí yóò tà á fún, kò sì mọ ẹni tí yóò bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun lẹ́nu ni pé àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi gboyè kò tíì di ìwé. Àwọn olùdánwò mélòó kan ni wọ́n kọ ọ́ fún, láti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ti ka gbogbo ohun tó yẹ kó kà. Ẹni tó ra ìwé kò bìkítà fún ìyẹn. Orí tó dá lórí ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ, tó gba ogójì ojú ewé nínú àpilẹ̀kọ, olóòtú lè ní kó di márùn-ún, kí ìyókù wọnú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé.

Bí àbá bá wọ olóòtú lójú, tí odindi iṣẹ́ sì ti délẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olóòtú á wá onímọ̀ méjì, ó kéré tán, tí wọ́n mọ ẹ̀ka náà dunjú, tí wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tàbí olùkọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn yìí sábà máa ń mọ ẹni tó kọ iṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kì í mọ̀ wọ́n, àfi tí àwọn fúnra wọn bá gbà kí wọ́n dárúkọ wọn. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan: igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, tàbí kí wọ́n ṣa ìwé tí iye rẹ̀ ju ìyẹn lọ nínú èyí tí ilé-ìtẹ̀wé náà ti tẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé nítorí irú owó bẹ́ẹ̀, iyì iṣẹ́ ló ń lé. Torí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè kán an lójú. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n dá fún un lè di mẹ́fà.

Ká ní ìwé lórí àwọn obìnrin oníṣòwò Ìbàdàn láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé fún onímọ̀ kan. Kò ní kọ "ó dára" lásán. Ó lè kọ ọ́ pé orí kejì gbára lé ohun tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ sílẹ̀ nìkan, kó sì béèrè bóyá òǹkọ̀wé ti dé ibi àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti wá ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn kọ. Ó lè ní orí karùn-ún ń tún ọ̀rọ̀ orí kẹta sọ, pé òǹkọ̀wé dárúkọ ọdún kan láìsọ ibi tó ti rí i, pé orin ọjà tó tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ewé báyìí, ó tú u sódì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí òǹkọ̀wé tún un ṣe ná, tàbí kí wọ́n dá a padà. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n sábà máa ń mú.

Òǹkọ̀wé á wá jókòó kọ èsì. Èsì yìí kì í rọrùn, torí onímọ̀ àkọ́kọ́ lè ní kó yọ orí kẹrin kúrò, kí èkejì sọ pé orí kẹrin ló dùn jù. Kò pọn dandan kó gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ohun tó pọn dandan ni kó sọ ohun tí yóò tún ṣe, èyí tí kò ní fọwọ́ kàn, àti ìdí rẹ̀.

Síbẹ̀, olóòtú tó ti fẹ́ràn ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè dá fọwọ́ sí i. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Oxford ń pè wọ́n ní Delegates, Cambridge ń pè wọ́n ní Syndics. Onímọ̀ físíìsì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú onímọ̀ òfin. Wọ́n á ka àbọ̀ àwọn onímọ̀ méjèèjì àti èsì òǹkọ̀wé, wọ́n á da ìbéèrè bo olóòtú, wọ́n á sì pinnu. Orúkọ yunifásítì ni wọ́n ń ṣọ́. Kódà bí wọ́n bá ti fún òǹkọ̀wé ní ìwé àdéhùn ṣáájú, gbólóhùn kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀ pé àfi bí ìgbìmọ̀ bá gbà. Ohun tí orúkọ yunifásítì lára èèpo ìwé ń jẹ́rìí sí kò ju ìyẹn lọ: àwọn kan tí kò ní jèrè kankan níbẹ̀ ti kà á, bí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ì bá ti kọ̀ ọ́. Kò sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tọ̀nà. Onímọ̀ méjì lè jọ gbójú fo àṣìṣe kan náà.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì lè gba bí ọdún kan. Ẹnìkan á yẹ èdè rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin; ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago kọ́kọ́ gbé jáde ní 1906 ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ìwé tí Yorùbá bá wà nínú rẹ̀ ti máa ń jìyà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé ẹ lórí lọ́tọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń to méjèèjì léra, àmì á sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Ẹni tó ń to ojú ewé kò gbọ́ Yorùbá, kò lè mọ̀ pé ọkọ́ ti di ọkọ. Òǹkọ̀wé nìkan ló lè rí i, nígbà tí wọ́n bá fi ojú ewé tí wọ́n ti tò ránṣẹ́ sí i láti wò fún ìgbà ìkẹyìn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àsìkò yẹn kan náà ni atọ́ka ẹ̀yìn ìwé gbọ́dọ̀ parí, torí ṣáájú rẹ̀ nọ́ńbà ojú ewé kò tíì dúró. Bí òǹkọ̀wé kò bá lè ṣe atọ́ka náà, yóò háyà ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àpò ara rẹ̀ ni owó ọ̀hún sì sábà máa ń ti jáde.

Wọ́n á fi nọ́ńbà ISBN, èyí tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè fi mọ ilé tí ìwé ti wá: 978-0-19 ni Oxford, 978-0-521 wọ́pọ̀ lára ìwé Cambridge, ti Nàìjíríà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. National Library ló ń fún àwọn atẹ̀wé wa ní nọ́ńbà náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń bí òǹkàwé nínú, ó sì yẹ kó bí wọn. Ìwádìí tí àjọ oníwàádìí Ithaka S+R ṣe láàárín ogún ilé-ìtẹ̀wé yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2016 fi hàn pé ìwé ìmọ̀ kan ń ná wọn láti $15,140 títí dé $129,909, owó àwọn òṣìṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láíbìrì yunifásítì ló máa ń ra irú ìwé báyìí jù, àwọn náà ò sì rà tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí owó jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí, ti gbé èyí tó pọ̀ nínú owó wọn lọ. Ká sọ pé ìwé kan ná wọn ní $30,000, tó sì ta ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà: ọgọ́rùn-ún dọ́là ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wọlé kí owó tó padà sílé. Nítorí náà ni yunifásítì fi ń fowó kún un fún ọ̀pọ̀ wọn. Oxford yàtọ̀, ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń bá a gbé ẹrù náà. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kì í rí ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ níbẹ̀; ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni èrè tirẹ̀.

Ìyà rẹ̀ wá kù sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ìwé ń sọ̀rọ̀ wọn. Ìwé Jacob Olúpọ̀nà lórí Ilé-Ifẹ̀, University of California Press ló gbé e jáde ní 2011. Ti Akínwùmí Ògúndìran lórí ìtàn Yorùbá jáde ní Indiana University Press ní 2020. Ará Ifẹ̀ tó bá fẹ́ ka ìtàn ìlú ara rẹ̀, dọ́là ni yóò fi wọn owó náà. Lọ́nà kejì, àjọ African Books Collective, tí àwọn atẹ̀wé Áfíríkà dá sílẹ̀ tó sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Oxford, ń bá àwọn ilé-ìtẹ̀wé ilẹ̀ wa ta ìwé sókè òkun, wọ́n sì lè tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo bí ẹnìkan bá béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n ń gbà báyìí ni kí ìwé wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ṣeé fọwọ́ mú máa rà á. University of California Press bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, Luminos, ní 2015. MIT Press ní tirẹ̀ dá Direct to Open sílẹ̀ ní 2021: láíbìrì púpọ̀ á jọ dá owó, ìwé ọdún yẹn á sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú ètò Path to Open ti JSTOR, àkójọ ìwé àti jọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láíbìrì tó sanwó ló kọ́kọ́ ń rí ìwé lò, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó di ọ̀fẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì yẹn àti ìgbìmọ̀ yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà nínú gbogbo ètò wọ̀nyí. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí yunifásítì rẹ̀, ìgbìmọ̀ ti gbà á wọlé kí ọ̀rọ̀ owó tó délẹ̀. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí ti àwọn iléeṣẹ́ tó máa ń fi ímeèlì dídùn ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tí wọ́n á sì ti dárúkọ owó kí ẹnikẹ́ni tó ka ojú ewé kan. Association of University Presses, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937, kì í gba ilé-ìtẹ̀wé tí kò bá ń gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ ìta yẹ̀ wò. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó.