Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé, kí ló dé tí kì í ṣe òun ló borí?

Àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ èrò ní Ìwòpin wo fídíò ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun lórí fóònù. Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ ṣáájú, òmíràn ló gba ife. Ló bá pè mí.

Ẹ̀gbọ́n, irú ọkọ̀ wo nìyẹn ná?

Kátámáráànì ni. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀pá dè pọ̀, tí òpó ìgbòkun dúró sí láàárín. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ọ̀kan nínú méjèèjì á gbéra kúrò lórí omi, awakọ̀ á fi okùn so ara rẹ̀ kọ́, á wá na ara sóde kí ọkọ̀ má baà dojú dé.

Báwo wá ni ẹni tó dé kẹ́yìn ṣe borí?

Onírúurú ọkọ̀ ló jọ ń díje. Hobie 16 gùn tó nǹkan bíi mítà 5, kò sì ní pátákó tó ń wọ inú omi lọ bíi ti Formula 18, tó gùn jù ú lọ. Bí a bá kàn wo ẹni tó kọ́kọ́ dé, owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ ló ń díje, kì í ṣe ọwọ́ tó ń wà á. Ìyẹn ò dáa lójú mi rárá.

Nítorí náà, irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀; bí ọkọ̀ bá ṣe lọ́ra tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ṣe máa ń ga tó. Ká ní nọ́ńbà ọkọ̀ kan jẹ́ 100, ó sì lo iṣẹ́jú 60. Ti èkejì jẹ́ 118, ó lo iṣẹ́jú 69. Fi nọ́ńbà pín àkókò, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ti àkọ́kọ́ dúró sí 60, ti èkejì wálẹ̀ sí iṣẹ́jú 58 àti àáyá 28. Ẹni ẹ̀yìn ló borí.

Ta ló ń fún wọn ní nọ́ńbà?

Ìlànà Texel, tó jẹ́ orúkọ erékùṣù kan ní Nẹ́dálándì tí wọ́n ti ń fi kátámáráànì yí po láti 1978, àti ìlànà mìíràn fún kátámáráànì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní SCHRS, wọ́n á wọn gígùn ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ àti bí ìgbòkun ṣe fẹ̀ tó. Ìwúwo yẹn ṣe pàtàkì. Ṣé o rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀ dà nù, títí ìsàlẹ̀ á fi gbẹ, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sáré lọ sọ́jà? Portsmouth Yardstick ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í wọn nǹkan kan. Èsì ìdíje àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n fi ń mọ irú ọkọ̀ tó yá.

Ṣé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀?

Ó kù díẹ̀ káàtó. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó yá ti gúnlẹ̀, àwọn tó kù lórí omi á jìyà, kò sì sí nọ́ńbà tó lè gbà wọ́n. Síbẹ̀, ìlànà yìí ni mo fara mọ́, torí ọkọ̀ nìkan ló ń bù fún. Ọ̀lẹ awakọ̀ ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè ṣe é lórí ọ̀sà wa?

A lè ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ bíi ti Portsmouth: ra ìwé kan, kí o máa kọ ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò láti èbúté dé ọjà, àtèyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, àtèyí tó ta ìgbòkun. Kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà sí i. Tí mo bá délé, a ó jọ ṣírò rẹ̀.