Ìkọ́ni ní gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní JSS ní Àbújá

Ìkọ́ni ní gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní JSS jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń wà láàárín ọdún 11 sí 14. Ó kan bí a ṣe ń to gbólóhùn, bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà, àti bí ọmọ ṣe ń kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ títí tí yóò fi lè lò wọ́n nínú àròkọ. Ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, olùkọ́ lè fi Yorùbá la ọ̀rọ̀ yé gbogbo kíláàsì. Ní Àbújá kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Gbagyi, Tiv àti Ìgalà lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì ti ibòmíràn wá. Àwọn ọmọ tó ti ilé Yorùbá wá ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí jù.

Ipò rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́

Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì, mẹ́rin ní yunifásítì), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ló pín sẹ́kọ́ńdírì sí kékeré àti àgbà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi UBE, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, lọ́lẹ̀ ní Sókótó ní 1999, tí òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004, JSS di ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì pọn dandan. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé kan fi ń pe JSS 1 ní Basic 7.

Àjọ NERDC, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sheda lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ló ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́. Nínú ìlànà náà, gírámà kò dá dúró; ó wà pẹ̀lú ìgbọ́rọ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti lítíréṣọ̀. Síbẹ̀ lórí taimtébù ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, gírámà ní ọjọ́ tirẹ̀, àkàyé ní tirẹ̀, àròkọ ní tirẹ̀, ọmọ á sì máa rò pé òfin tí wọ́n kọ́ òun lọ́jọ́ Ajé kò kan lẹ́tà tí òun ń kọ lọ́jọ́bọ̀. Ìdánwò àṣejáde ní ìparí JSS 3 ni BECE, tí àwọn òbí ṣì ń pè ní Junior WAEC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ìdánwò NECO ló ń ṣe é fún àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ bíi ti Kwali àti Bwari.

NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti Zuba ń kọ́ wọn ní agbègbè Àbújá. NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ń kọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èdè tí ọmọ gbé wá láti ilé

Lẹ́yìn tí olú-ìlú kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé iṣẹ́ wọn wá. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbẹ́yìn. Kúbwà, Lúgbè, Ńyáńyà àti Kárù wà lára ibi tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá àti bàbá, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn, ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ Píjìn ní àdúgbò, ó sì mọ Haúsá tó máa fi ra súyà. Kó tó dé JSS 1, Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàjèjì sí etí rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ó ń sọ ọ́ yàà, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ lẹ́nu kọ́ ni ìdánwò ń béèrè lórí ìwé. Olùkọ́ tó bá kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí yóò kàn sú u ni.

Ibi tí gírámà méjèèjì ti ń forí gbárí

Àsìkò inú ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń fa wàhálà jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò: "rà" náà ni "rà", ìbáà jẹ́ lánàá, ìbáà jẹ́ lọ́la, "ti", "ń", "máa" àti "yóò" tó ń ṣíwájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ yí: buy, bought. Ṣùgbọ́n gírámà nìkan kọ́ ló wà nídìí àṣìṣe yìí, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé kíláàsì ti ń fo ọ̀rọ̀ dá. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì kì í dì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́nu, ìró kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló kóra jọ sí ìparí asked, helped àti desks. Ahọ́n tí sílébù Yorùbá ti mọ́ lára máa ń gbé èyí tó kẹ́yìn sọnù. Ohun tí ẹnu kò pè, etí kì í gbọ́, ọwọ́ kì í sì í kọ ọ́. Nítorí náà, ọmọ tó kọ "My father help me yesterday" lè mọ òfin náà dáadáa. Olùkọ́ tó mọ èyí máa ń kọ́kọ́ fi etí ṣiṣẹ́: á pe walked, played àti wanted, àwọn ọmọ á sì máa na ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìparí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe dún, bíi t, bíi d, tàbí bíi id, kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

Ká ní olùkọ́ kọ èyí sójú pátákó: "Yesterday, my mother ___ yam at Wuse Market", ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe buy dí àlàfo náà. Ọmọ kan kọ buy, èkejì kọ buyed. Àwọn méjèèjì pàdánù máàkì. Síbẹ̀ buyed sàn ju buy lọ: ẹni tó kọ ọ́ ti di òfin mú, ohun tó kù fún un ni kó mọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í tẹ̀lé òfin náà. Ẹni tó kọ buy kò tíì débẹ̀. Òdo kan náà fún àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí olùkọ́ rí ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ tún wà níbẹ̀. "Ó" ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan, "My sister, he is in JSS 3" sì ń yọ lẹ́nu ọmọ tí orí rẹ̀ pé pérépéré. Haúsá ń ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, àní títí dé orí "ìwọ": kai fún ọkùnrin, ke fún obìnrin. Ṣùgbọ́n ó tún ń pín nǹkan aláìlẹ́mìí sí akọ àti abo, nítorí náà ọmọ ilé Haúsá lè mọ he àti she fún ènìyàn, kó sì máa pe àga ní she.

Ọ̀wọ̀ náà dá ọ̀ràn tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kan ṣoṣo ló ń pe ọmọ, ọmọ kejì tí wọ́n rán wá jíṣẹ́ báyìí: "They are calling you." Iye kò rú u lójú. "Wọ́n ń pè ẹ́" ló wà lọ́kàn rẹ̀, she lójú rẹ̀ sì dà bí ìgbà tó ń rí ìyá rẹ̀ fín. Àlàyé tó bá a mu ni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé ọ̀wọ̀ sínú ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ. Inú please, inú sir àti inú bí a ṣe ń béèrè nǹkan ló ń gbé e sí.

Yorùbá ní "yá" kan náà fún ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà; ibẹ̀ ni "Borrow me your biro" ti wá. Olùkọ́ lè pe ọmọ méjì síwájú pẹ̀lú báírò kan. Èyí tí báírò ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ pé "I lend", èyí tó bọ́ sí lọ́wọ́ á sọ pé "I borrow", wọ́n á sì máa pààrọ̀ ipò títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì sí pé à ń fi èdè míì túmọ̀, èyí tó wúlò níbi tí èdè pọ̀ sí.

"I am hearing the smell" le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín sí i nínú kíláàsì. Yorùbá ń gbọ́ òórùn; Haúsá náà ń lo ji fún ohùn àti òórùn. Níbi tí èdè ńlá méjì bá ti fẹnu kò, àṣìṣe kì í dún bí àṣìṣe létí ẹnikẹ́ni.

Ìyókù kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. "Ní" kan ló dúró fún in, on àti at. Furniture, luggage, equipment àti information kì í gba -s, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá lè sọ pé "àwọn ẹrù". A àti the kò ní ẹlẹgbẹ́ gidi ní Yorùbá, àfi "náà" tó ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ.

Kíkó ọ̀rọ̀ jọ

Ní 1953, Michael West, onímọ̀ nípa ìkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi 2,000 jáde, àwọn tó wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ èdè náà. Ọmọ tó dàgbà sí Àbújá ti sábà mọ púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ JSS. Ohun tó ń dá a dúró ni ọ̀rọ̀ inú ìwé: however, although, consist, decrease, compare. A kì í gbọ́ wọn lójú pópó, ṣùgbọ́n kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tí kò lò wọ́n. Ọmọ tí kò mọ decrease lè gba òdo nínú ìṣirò tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìwé tún máa ń pín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀ka iṣẹ́: ti bánkì, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ìrìnnà. Ọjà Wúsè dára fún èyí. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ti mọ ohun tí wholesale, retail, bargain àti profit jẹ́. Orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù.

Ọ̀nà kan tí wọn kì í lò tó bó ṣe yẹ ni kíkọ́ ọ̀rọ̀ ní ìdílé-ìdílé. Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: kọrin ń di akọrin, ṣiṣẹ́ ń di òṣìṣẹ́, sàn ń di àìsàn. Ọmọ tó mọ ìyẹn ti mọ iṣẹ́ tí un-, dis- àti -er ń ṣe. Ìyàtọ̀ ni pé iwájú ni Yorùbá ń fi àfòmọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ń fi síwájú, ó sì ń fi sẹ́yìn: employ, employer, employee, unemployed, unemployment.

Àṣà tó gbilẹ̀ jù ni kí olùkọ́ kọ ogún ọ̀rọ̀ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ wá ìtumọ̀ wọn nínú díkíṣọ́nárì sínú nóòtì, kó sì parí síbẹ̀. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó ṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, ti fi hàn pé ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan ń yára fò lọ, àti pé àtúnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lórí ju èyí tí a kó pọ̀ sójú kan lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tí olùkọ́ tún mú wá nínú àpèkọ lọ́jọ́ Ẹtì, nínú àkàyé ọ̀sẹ̀ kejì àti nínú àròkọ oṣù tó tẹ̀lé e sàn ju ogún tó sùn sínú nóòtì lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti Nàìjíríà. Danfo, mama put, tokunbo àti next tomorrow wà lára wọn. Síbẹ̀ the day after tomorrow ni ẹni tó ń máàkì BECE ń retí. Àwọn olùkọ́ kan á ní àṣìṣe pátápátá ni next tomorrow. Àwọn mìíràn á sọ fún ọmọ pé ọ̀kan wà fún ilé, ọ̀kan wà fún ìdánwò, tiwọn ló sì bá òtítọ́ mu jù.

Èdè abínibí nínú kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní vernacular. Wọ́n lè gba owó ìtanràn, wọ́n lè kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n sì lè ní kó kúnlẹ̀. Ìyà náà lè mú ọmọ dákẹ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín lend àti borrow.

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Modákẹ́kẹ́ kì í ṣe Kúbwà ṣá. Èdè kan ló kárí kíláàsì níbẹ̀.

Ìjọba pàápàá ti yí ìlànà padà. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni jákèjádò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìbá sọ JSS 1 di ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba iṣẹ́ náà. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe nínú kíláàsì Àbújá ni kí àwọn ọmọ elédè kan náà kó ara wọn jọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn, bíi "Mo ti ń dúró láti àárọ̀", kí wọ́n sì fi wé "I have been waiting since this morning". Àwọn ọmọ Gbagyi àti Tiv á sọ tiwọn. Olùkọ́ kò ní láti gbọ́ ọ̀kankan nínú àwọn èdè náà. Àwọn ọmọ ni yóò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ àsìkò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àròkọ àti máàkì

Àròkọ ni ibi tí gírámà àti ọ̀rọ̀ ti ń pàdé, òun náà sì ni iṣẹ́ tí olùkọ́ ń sá fún. Ní kíláàsì ọlọ́mọ 60, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìwé kan jẹ́ wákàtí márùn-ún lórí gbogbo rẹ̀. Ìwé tí báírò pupa sì ti kún dé etí máa ń wọ inú báàgì láìsí ẹni tó tún un wò. Nítorí èyí, àwọn olùkọ́ kan ń máàkì irú àṣìṣe kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́sẹ̀ yìí, he àti she lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe láìkọ èyí tó tọ́, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tún un kọ. Òbí tó bá ṣí ìwé náà nílé, tó rí àṣìṣe tí olùkọ́ kò fọwọ́ kàn, lè gbé e wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú ìbínú, nítorí náà olùkọ́ tó ń lo ọ̀nà yìí sábà máa ń kọ "Verbs only" gàdàgbà sí òkè àròkọ náà.