Sípíkà àtijọ́ nílé wa: kí ló yẹ ká pààrọ̀ nínú kírọsóófà rẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìgbógbó, nítòsí Ìkòròdú níbí, jogún sípíkà ńlá méjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Pákó gidi ni àpótí wọn, sípíkà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣe wọ́n láwọn ọdún 1970. Ó ti ń tọ́jú owó láti ra kapásítọ̀ olówó gọbọi láti òkè òkun fún kírọsóófà wọn, ìyẹn àwọn ohun èlò inú àpótí tó ń pín ìró fún sípíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí wọ́n sọ fún un pé ìyẹn ló máa sọ wọ́n di ọ̀tun. Àwọn ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ sí mi nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn mi. Mo gbé e síta nítorí irú sípíkà bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé lágbègbè wa, tí òdòdó oníke wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì tan án mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni kírọsóófà ń ṣe gan-an? Oníṣẹ́ rédíò kan ní Sábó ní kò wúlò, pé kí n jẹ́ kí òun yọ ọ́, kí òun so gbogbo wáyà pọ̀.

Ìdáhùn: Má ṣe gbà fún un o. Etí ènìyàn ń gbọ́ ìró láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kò sì sí ọ̀kan nínú sípíkà mẹ́ta inú àpótí rẹ tó lè dá gbé gbogbo rẹ̀. Wúfà tó tóbi nísàlẹ̀ ló ni ìlù ńlá àti gìtá béèsì. Ti àárín ló ni ohùn olórin. Túítà, èyí tó kéré jù, ló ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìró “s” àti “ṣ” lẹ́nu ẹni tó ń kọrin.

Iṣẹ́ asẹ́ ògì ni kírọsóófà ń ṣe láàárín wọn, kí ohun tí kò yẹ má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ni ín. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń dá ìró ìsàlẹ̀ dúró, ó sì ń jẹ́ kí ìró òkè kọjá sọ́dọ̀ túítà. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n ká jọ, ń ṣe òdìkejì rẹ̀ fún wúfà. Rẹsísítọ̀ ń bu agbára kù kí túítà má baà bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá so túítà mọ́ amúpìlìfáyà láìsí kapásítọ̀ níwájú rẹ̀, ìlù ńlá kan péré lè jó wáyà inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti rí túítà ọdún 1970 mìíràn rà, kódà ní ọjà Alábà.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò ní mọ́tò. Kí ló wá lè gbó níbẹ̀?

Ìdáhùn: Kapásítọ̀ ni, pàápàá irú èyí tó ní omi nínú. Òun ni wọ́n lò jù nínú sípíkà ìgbà yẹn torí kò wọ́n. Tí o bá tú u, wà á rí fóìlì alumíníọ̀mù tí wọ́n ká mọ́ pépà tó rin fún omi kẹ́míkà, rọ́bà ni wọ́n sì fi dí ẹnu rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni omi yẹn ń gbẹ. Ohun tí àwọn tó ń ṣe kapásítọ̀ fi ń ṣírò ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ìwọ náà wá ro ti sípíkà tó ti lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú pálọ̀ tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán, lábẹ́ páànù, nílùú wa yìí.

Ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Èkíní, ìwọ̀n rẹ̀ á yẹ̀. Ká ní 4.7 µF (máíkírófáràdì, òun ni wọ́n fi ń wọn kapásítọ̀) ni wọ́n kọ sára rẹ̀, tó sì wà níwájú túítà 8 óòmù (óòmù ni wọ́n fi ń wọn ìdènà, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Tí a bá ṣírò rẹ̀, láti nǹkan bí 4,230 Hz lọ sókè ni ìró á ti máa kọjá fàlàlà. Tí kapásítọ̀ náà bá bàjẹ́ débi pé ìwọ̀n rẹ̀ gùn dé 6.8 µF, ẹnu ọ̀nà yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sí bí 2,930 Hz. Túítà á wá máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ohùn á máa ha létí, bó bá sì pẹ́, túítà á jó. Ìdènà túítà kì í dúró sójú kan bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn.

Èkejì, ìdènà inú kapásítọ̀ fúnra rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tí ìdènà yẹn bá dé 4 óòmù níwájú túítà 8 óòmù, yóò bu nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3.5 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) kúrò nínú ìró òkè. Kò sí etí tí kò ní gbọ́ ìyẹn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sá, ohùn olórin á wúwo, àwọn ará ilé á sì sọ pé àwo orin ló ti gbó. Kọ́ìlì kì í gbó bẹ́ẹ̀, bàbà ni. Àfi tí ibi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ra bá dípẹtà.

Ìbéèrè: Bí tèmi ṣe rí gan-an nìyẹn, ìró òkè ò sí mọ́. Ṣé kí n tètè ra kapásítọ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ó ku ohun tí o máa kọ́kọ́ wò. Yọ aṣọ iwájú àpótí, kí o fi ìka kan etí wúfà jẹ́ẹ́jẹ́. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú wà, ọ̀rinrin àti ooru sì máa ń jẹ fóòmù tí wọ́n fi yí wúfà ká títí á fi máa rún mọ́ ọwọ́. Tó bá ń rún, fóòmù ni o máa kọ́kọ́ pààrọ̀. Kò sí kapásítọ̀ tó lè dá béèsì tó ti sá padà, bó ti wù kó wọ́n tó. Tó bá jẹ́ aṣọ tàbí rọ́bà ni etí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì le dáadáa.

Lẹ́yìn náà, wo bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn àpótí, èyí tí wọ́n fi ń dín ìró òkè kù tàbí fi kún un. Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ AR-3a, sípíkà Amẹ́ríkà tó jáde ní 1967, nìyí: inú bọ́tìnnì yẹn máa ń dípẹtà, túítà á dákẹ́, ẹni tó ni ín á rò pé ó ti kú. Yí tìrẹ sọ́tùn-ún sósì lọ́pọ̀ ìgbà, kí o sì fín súpíréè tí wọ́n fi ń fọ kọ́ńtáàtì sí i. Fọ ojú ibi tí wáyà amúpìlìfáyà ti ń wọlé náà. Mo ti rí sípíkà tó jẹ́ pé lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tó ṣe é mọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tí mo bá lo Mundorf ti Jámánì tàbí Jantzen ti Denmark, mi ò ní mọ sípíkà náà mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kapásítọ̀ tó dára ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn dípò pépà àti omi, kò sí ohun tó máa gbẹ, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára wọn sì sábà máa ń péye. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ìyàtọ̀ ńlá tí ènìyàn ń gbọ́ lọ́jọ́ tó pààrọ̀ kapásítọ̀ wá láti ara èyí tó gbẹ tó yọ kúrò. Orúkọ tó wà lára tuntun kọ́ ló ṣe é. Kapásítọ̀ oníke tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n á ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Kapásítọ̀ olómi, kódà nígbà tó wà ní tuntun, ní ìdènà díẹ̀ nínú, ẹni tó ṣe sípíkà náà sì ti kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀. Tí ìdènà yẹn bá tó 1 óòmù níwájú túítà 8 óòmù, tí o wá fi kapásítọ̀ oníke tí ìdènà rẹ̀ kò tó nǹkan rọ́pò rẹ̀, ìró òkè á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan ga ju bó ṣe wà nígbà tí bàbá rẹ rà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà á ní ohùn ti mọ́. Tó bá yá, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Rẹsísítọ̀ kékeré, láti 0.5 sí 1 óòmù, tí o bá fi sáàárín kapásítọ̀ àti túítà, á tún un ṣe. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ní ti kapásítọ̀ oníke méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, èrò mi ni pé ìyàtọ̀ wọn kéré débi pé ojú ló máa ń sọ fún etí. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, àwọn onímọ̀ nípa ìró, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, níbi tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ àwọn sípíkà kan náà nígbà tí wọn ò rí wọn àti nígbà tí wọ́n ń rí wọn. Bí wọ́n ṣe rí ohun tí wọ́n ń gbọ́ báyìí ni ìdájọ́ wọn yí padà. Odidi sípíkà nìyẹn o, mélòó wá ni kapásítọ̀ tó wà nínú àpótí.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti máa rí oníke tí kò wọ́n ní Ìkòròdú níbí?

Ìdáhùn: Lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò iná, kí o ní kó fún ọ ní kapásítọ̀ fáànù. Má yà á lẹ́nu. Wo ara rẹ̀, wà á rí CBB61. Ike polypropylene ló wà nínú rẹ̀, ike kan náà tó wà nínú ọ̀pọ̀ kapásítọ̀ kírọsóófà tó wọ́n. Iná fáànù tó lè gbé ju ohun tí amúpìlìfáyà ilé lè rán sí i lọ fíìfíì. Tí ìwọ̀n kan ò bá tó, so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 2.5 µF àti 2.2 µF á fún ọ ní 4.7 gẹ́lẹ́. Tí o bá ń wá ìwọ̀n tó tóbi, ti ẹ̀rọ omi wà, CBB60 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Èyí tí mi ò fẹ́ kó wọ inú sípíkà rẹ ni CD60 tí wọ́n fi ń sitáátì mọ́tò, torí olómi ni òun náà.

Wọ́n tóbi, wọn ò lẹ́wà, ṣùgbọ́n inú àpótí ni wọ́n ń gbé. Mú mítà tó ń wọn kapásítọ̀ lọ́wọ́, kí o wọn wọ́n níwájú ẹni tó ń tà á, torí ohun tí wọ́n kọ sára ọjà kì í fìgbà gbogbo bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Yan méjì tí ìwọ̀n wọn sún mọ́ra fún ọ̀tún àti òsì. Má sì yọ ti ara fáànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lò láìkọ́kọ́ fi rẹsísítọ̀ tú iná tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kọ́ìlì ńkọ́? Mo rí àwọn kan tí wáyà wọn nípọn gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdáhùn: Fi ti bàbá rẹ sílẹ̀. Ìdènà wáyà kọ́ìlì wà lára ohun tó ń darí bí wúfà ṣe ń mi. Tí o bá yọ kọ́ìlì onírin-nínú tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.3 óòmù, tí o fi èyí tí kò ní irin, tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, tó dé 1 óòmù rọ́pò rẹ̀, béèsì á tú, kò ní dúró ṣinṣin mọ́. Tó bá sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí wọ́n ṣe tún ti yí nìyẹn.

Kò sí òfin kan tó bá gbogbo sípíkà mu. Sípíkà JBL L100 tó jáde ní 1970 kò ní kọ́ìlì kankan fún wúfà rẹ̀ rárá. Gbogbo ìró ló ń dé ibẹ̀, bí wúfà náà ṣe rí ni wọ́n gbójú lé. Ti sípíkà kékeré LS3/5A yàtọ̀ pátápátá. BBC ló ṣe é ní àwọn ọdún 1970 fún iṣẹ́ inú ọkọ̀ ìgbóhùnsílẹ̀ tí kò láyè, wúfà KEF B110 àti túítà T27 ló wà nínú rẹ̀, kírọsóófà rẹ̀ sì kún fọ́fọ́ fún kọ́ìlì àti kapásítọ̀ tí wọ́n fi mú àwọn méjèèjì bára mu. Ẹni tó bá fi ohun tó ṣe sára ọ̀kan ṣe èkejì á ba iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n jẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ní kí n so kapásítọ̀ kékeré 0.1 µF mọ́ ńlá kí ohùn lè dán.

Ìdáhùn: Lára 10 µF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Tọ́jú owó rẹ.

Ìbéèrè: Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà kí o tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Tí o bá rí túítà tí wáyà pupa rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí dúdú wà, má tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ kírọsóófà, ẹni tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ yí i bẹ́ẹ̀ kí túítà àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jọ ṣiṣẹ́.

Kapásítọ̀ tó wà níwájú túítà àti èyí tó wà níwájú sípíkà àárín ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́ ni kó o sì lò, kì í ṣe ohun tí mítà kà lára rẹ̀ lónìí. Àwọn ńláńlá tó wà lọ́nà wúfà, olómi tuntun tí kò ní rere àti òdì (+ àti −) tó fún wọn. Rẹsísítọ̀ tó ti dúdú, fi onísìmẹ́ńtì 10 wáàtì tí óòmù rẹ̀ bá tàtijọ́ mu rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kó o ṣe. Fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o fi àwo kan náà sí i, kí amúpìlìfáyà wà lórí mónò, kí ìró kan náà lè máa jáde lọ́tùn-ún lósì. Jẹ́ kí ẹlòmíràn máa yí bọ́tìnnì ọ̀tún-òsì, kí ìwọ di ojú rẹ, kí o sọ èyí tó dùn jù. Pe ìyá rẹ náà kó wá gbọ́, ó mọ bí sípíkà yẹn ṣe ń dún nígbà tó wà ní tuntun. Ohun tó o bá yọ kúrò, dì í sínú ọ̀rá, kọ ibi tó ti wá sí i lára, kí o sì fi sínú àpótí sípíkà náà. Tí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ bá ti ń dún, pè mí kí n wá gbọ́ ọ kí o tó ṣí èkejì.