Bí owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó ni ín

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 1940, ìjọba Amẹ́ríkà kọ sọ̀wédowó $22.54 fún Ida May Fuller, ẹni àkọ́kọ́ tó gba owó oṣooṣù Social Security, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtàwọn mìíràn. Ìwé gidi ni. Lónìí, ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́. Láti oṣù Karùn-ún 2011 ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ owó náà ti gbọ́dọ̀ gbà á sínú àkáǹtì tàbí sórí káàdì, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 2013, òfin kan náà ká àwọn tó ti ń gba sọ̀wédowó mọ́, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún.

Owó gan-an kọ́ ló ń rìn. Ọ̀rọ̀ ló ń rìn: ta ló ni ín, èló ni, àkáǹtì wo ló ń lọ, ọjọ́ wo ni kó wọlé. Iléeṣẹ́ Social Security ló ń ṣírò ohun tó tọ́ sí kálukú. Iléeṣẹ́ ìṣúra ìjọba á kó orúkọ wọn jọ sínú fáìlì, á fi ránṣẹ́ sí Federal Reserve, ìyẹn báǹkì àpapọ̀, ibẹ̀ ni báǹkì kọ̀ọ̀kan ti ń gba ti oníbàárà tirẹ̀. Fáìlì náà máa ń ṣáájú ọjọ́ owó dé, ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń wà nílẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Kí gbogbo ẹ̀ má baà já lé ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń pín in: ẹni tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 1 sí 10 nínú oṣù ń gbà á ní Ọjọ́rú kejì, 11 sí 20 ní Ọjọ́rú kẹta, àwọn yòókù ní Ọjọ́rú kẹrin. Ẹni tó ti ń gbà á ṣáájú oṣù Karùn-ún 1997 ń gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 3. Ẹni tí kò ní àkáǹtì lè gbà á sórí káàdì Direct Express, tó ti wà láti 2008.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ààmì kan máa ń bá owó náà wọ báǹkì, tó fi hàn pé owó ìrànwọ́ ni. Bí ẹni tó yáni lówó bá gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì onígbèsè, báǹkì gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn wo oṣù méjì, kó sì yọ iye owó ìrànwọ́ tó wọlé láàárín ìgbà náà sọ́tọ̀ fún oníbàárà. Sọ̀wédowó tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ sí báǹkì kò ní ààmì yẹn.

Ti owó oúnjẹ, SNAP, yàtọ̀ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ìwé pélébé ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ. Wọ́n dán káàdì EBT, tó rọ́pò ìwé náà, wò ní ìlú Reading, Pennsylvania, ní 1984, ṣùgbọ́n ó di 2004 kó tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Kò sí owó kankan lórí káàdì náà. Inú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ ni owó wà. Nídìí ẹ̀rọ POS, wọ́n á fa káàdì, oníbàárà á tẹ nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin, ẹ̀rọ á sì béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ń bá ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ náà bóyá nọ́ńbà náà bára mu àti bóyá owó ṣẹ́ kù. Kọ̀ǹpútà á yọ iye ọjà kúrò, á dáhùn, ìjọba á sì san owó fún ọlọ́jà lẹ́yìn náà. Ọtí, sìgá àti oúnjẹ gbígbóná kò sí lára ohun tí wọ́n lè fi rà.

Ìdáhùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, 2013, iná kú níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ ìrọ́pò wò, káàdì sì dákẹ́ ní ìpínlẹ̀ 17. Owó wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i.

Olè jíjà ló wá burú jù. Olè á fi èèpo tó jọ ti gidi bo ẹ̀rọ POS. Èèpo náà á ka ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn káàdì, á sì gba nọ́ńbà àṣírí sílẹ̀. Olè á wá ṣe káàdì mìíràn, á dúró de ọjọ́ tí owó wọlé, á ná an tán lóru. Òfin tó ń mú kí báǹkì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n jà lólè bẹ́ẹ̀ kò kan káàdì SNAP. Kò tọ́ rárá, torí owó tí àwọn ọmọ fẹ́ fi jẹun lóṣù yẹn ni. Ìjọba àpapọ̀ gbà kí wọ́n dá ohun tí wọ́n jí láti oṣù Kẹwàá 2022 padà, àmọ́ àyè yẹn ti tì ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, 2024.

Káàdì tó ní chip, ìyẹn ègé ẹ̀rọ kékeré tó wà lójú káàdì, ṣòroó dà kọ ju ti onílà dúdú lọ. Káàdì báǹkì ti ní in tipẹ́, California sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára káàdì EBT ní 2025. Níbi tí kò tíì dé, ohun tó kù fún ẹni tó ni káàdì ni kó yí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà bí ọjọ́ owó bá ti ń sún mọ́lé, kó sì fọwọ́ mi ẹ̀rọ wò kó tó fa káàdì.